Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: WÀRÀKÀṢÌ TÍ Ó YẸ FÚN PIZZA TÍ A Ń ṢE NÍLÉ

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe lórí bí a ṣe ń kọ ìwé owó tàbí bí a ṣe ń pín èrè. Lórí oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dé ìparí yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ìwé owó náà ni a tún ń sọ.

Pizza kì í ṣe ohun àjèjì mọ́ ní àwọn ìlú wa. Àwọn ọmọ ń béèrè rẹ̀ ní ọjọ́ ìbí wọn, àwọn ìyá tí wọ́n sì ń yan búrẹ́dì àti kéèkì nínú ẹgbẹ́ wa ti ń ṣe é tà. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni a ń pò, tí a ń jẹ́ kí ó wú, tí a ń tẹ́ ní pẹlẹbẹ. A ó fi ọbẹ̀ tòmátì sí i lórí, a ó rin wàràkàṣì lé e, a ó sì yan án nínú ààrò tí ó gbóná dáadáa. Ìyẹ̀fun kò ṣòro fún wa, tòmátì kò sì ṣòro. Ibi tí owó ń lọ jù, tí àṣìṣe sì ti ń wáyé jù, ni wàràkàṣì. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀.

OHUN TÍ MO RÍ NÍNÚ ÌWÉ ẸGBẸ́ KAN

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Obìnrin mẹ́rìnlá ni wọ́n, alásè sì ni gbogbo wọn. Wọ́n yá owó nínú àpò ẹgbẹ́ láti máa ṣe pizza fún àríyá ilé ẹ̀kọ́ àti ọjọ́ ìbí ọmọdé. Nígbà tí mo ṣí ìwé owó wọn, mo rí i pé wọ́n ra 20 kílò wàràkàṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní iye tí ó kéré gan-an sí ti ọjà. Ní ojú ewé kejì, mo rí i pé wọ́n dá owó padà fún oníbàárà nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní wàràkàṣì náà kò yọ́ bí ó ti yẹ. Ó kàn jókòó sórí pizza bí àbẹ́là tí ó ti tutù, òróró sì ń ṣàn kúrò lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti ń múra láti bu owó ìtanràn fún akápò, nítorí òun ni ó lọ ra ọjà náà. Arábìnrin náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kò sọ̀rọ̀.

Mo ní kí wọ́n gbé páálí ọjà náà wá. Mo kà á. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé omi, òróró ọ̀pẹ, sítáàṣì àti ìyẹ̀fun wàrà díẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí ó jọ wàràkàṣì ni, kì í ṣe wàràkàṣì. Kì í ṣe májèlé o, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń rà.

Nígbà náà ni akápò sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin ni ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò wa ní ọdún tí ó kọjá pé kí a máa ra ọjà níbi tí owó rẹ̀ bá ti kéré jù.” Mo ṣí ìwé àbẹ̀wò náà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, ọwọ́ mi ni. Mo ti kọ ọ́ pé kí wọ́n wá iye tí ó kéré jù. N kò kọ ọ́ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń rà. Ìgbìmọ̀ fagi lé ìtanràn náà ní ọjọ́ yẹn. Wọ́n pín ohun tí ó ṣẹ́kù láàárín ara wọn ní iye tí wọ́n rà á, wọ́n sì fi oṣù púpọ̀ san gbèsè náà. Ohun tí ó yẹ kí n kọ sínú ìwé wọn nígbà náà ni mo ń kọ sílẹ̀ fún gbogbo yín lónìí.

1. BÍ A ṢE Ń ṢE WÀRÀKÀṢÌ

Inú wàrà màlúù, ti ewúrẹ́, ti àgùntàn tàbí ti ẹfọ̀n tí a ń sìn nílé ni wàràkàṣì ti ń wá. Bí a bá fi èròjà tí ń mú wàrà dì sínú wàrà tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò dì bí ẹ̀kọ. A ó gé e wẹ́wẹ́, omi rẹ̀ yóò sì ro kúrò. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn omi náà ni ìpìlẹ̀ gbogbo wàràkàṣì ayé. Iṣẹ́ tí a bá ṣe lé e lórí lẹ́yìn èyí ni ó ń sọ ọ́ di oríṣiríṣi: òmíràn ni a ń fi iyọ̀ sí tí a sì ń tẹ̀ kí ó le, òmíràn ni a ń tọ́jú fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òmíràn ni a ń jẹ ní ọjọ́ tí a ṣe é.

Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù fún pizza ni mozzarella. Agbègbè Naples ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ítálì ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Nígbà tí wàrà bá ti dì, tí ó sì ti kan díẹ̀, wọn yóò rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, wọn yóò máa fà á, wọn yóò máa ká a, títí yóò fi máa dán tí yóò sì máa fà láìjá. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ń ṣe é yóò fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá já a sí ìṣù kọ̀ọ̀kan. Inú iṣẹ́ jíjá yìí ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí “mozzare” ní èdè Ítálì ni “láti gé nǹkan kúrò.”

2. ÌDÍ TÍ Ọ̀KAN FI Ń YỌ́ TÍ ÈKEJÌ KÌ Í YỌ́

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níbi yìí, nítorí ọpọlọ ẹ̀kọ́ náà nìyí. Inú wàrà ni èròjà amáradàgbà wà, ó dà bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Kálísíọ́mù ni ó so àwọn okùn náà pọ̀ ní kókó-kókó. Bí wàrà bá kan níwọ̀nba, kíkan náà yóò tú díẹ̀ nínú àwọn kókó yìí. Nígbà náà, bí iná bá kàn án, àwọn okùn yóò lè yọ̀ lé ara wọn, wàràkàṣì yóò yọ́, yóò sì máa fà bí ewédú. Bí kò bá kan tó, kókó náà yóò le, wàràkàṣì kò ní yọ́. Bí ó bá kan jù, okùn yóò já, yóò sì di ẹ̀rún.

Èyí ni ó fà á tí wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé wá fún wa kì í fi í yọ́. Oje ewé bọmubọmu ni wọ́n fi ń mú un dì, lórí iná ni wọ́n sì ti ń sè é títí yóò fi dì. Kò kan, iná sì ti mú un le. Ìdí nìyẹn tí a fi lè dín in nínú òróró gbígbóná tí kò ní tú ká. Ohun kan náà ni wọ́n ń pè ní wagasi ní ilẹ̀ Benin. Oúnjẹ rere ni, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ mozzarella. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó lórí pizza, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dín in, kí ẹ sì fi í sí i bí ẹni fi ẹran sí i. Kí wàràkàṣì mìíràn tí ń yọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá rin wàrà lásán sórí pizza tí ó ń retí pé kí ó fà, yóò retí títí.

3. ÀWỌN TÍ A LÈ RÍ RÀ

(a) Mozzarella tútù. Ìṣù funfun ni, inú omi ni ó sábà máa ń wà. Omi pọ̀ nínú rẹ̀: òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún ohun tí a lè pè ní mozzarella gbà kí omi inú rẹ̀ ju ìdá 52 lọ, kí ó sì tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé nínú kílò kan tí ẹ rà, omi lè tó 600 gíráàmù. Àwọn ará Naples ń lò ó nítorí pé ààrò onígi wọn ń gbóná ju 400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, pizza wọn sì ń jinná láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Kí omi tó ráyè ṣàn, ó ti jinná. Ààrò gáàsì ti ilé wa kì í sábà kọjá 250, pizza sì ń wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí méjìlá. Nínú àkókò yẹn, omi wàràkàṣì yóò ṣàn sórí ìyẹ̀fun, pizza yóò sì rẹ̀ bí búrẹ́dì tí a tẹ̀ bọ omi. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ẹ rí, ẹ gé e, ẹ gbé e sórí asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́ fún wákàtí kan ó kéré tán kí omi rẹ̀ ro, kí ẹ sì fi í sórí pizza nígbà tí ó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná.

(b) Mozzarella tí omi rẹ̀ kéré. Òun ni àwọn tí ń ta pizza ní Amẹ́ríkà ń lò jù. Bí búlọ́ọ̀kù ni ó rí, ó le díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀ ju funfun lọ. Òfin kan náà ní kí omi rẹ̀ ju ìdá 45 lọ, kí ó má sì ju 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó rọrùn láti rin, ó ń yọ́, ó ń fà, ó ń pọ́n ní àmì-àmì, kì í sì í rẹ ìyẹ̀fun. Fún ààrò ilé, òun ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Èyí tí a fi wàrà olọ́ràá ṣe ń yọ́ dáadáa ju èyí tí a ti yọ ọ̀rá rẹ̀ kúrò lọ. Èyí tí a yọ ọ̀rá rẹ̀ ń tètè gbẹ, ó sì ń le bí rọ́bà bí ó bá tutù.

(d) Cheddar. Ìlú Cheddar ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ó dùn, ó sì ní òórùn ju mozzarella lọ, ṣùgbọ́n kì í fà bíi tirẹ̀. Bí ó bá sì ti pẹ́ jù ní ìpamọ́, òróró yóò máa jáde lára rẹ̀ nínú ààrò. Èyí tí kò tí ì pẹ́ ni kí ẹ rà, kí ó sì jẹ́ àfikún, kí ó má jẹ́ òun nìkan. Ìdá mẹ́ta mozzarella sí ìdá kan cheddar bá a mu.

(e) Parmigiano Reggiano. Wàràkàṣì líle ni, ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n ti ń ṣe é ní agbègbè Parma, Reggio Emilia, Modena àti díẹ̀ nínú Bologna àti Mantua. Kò gbọdọ̀ kéré sí oṣù méjìlá ní ìpamọ́ kí a tó tà á. Kì í fà. Adùn àti iyọ̀ ni a ń wá lára rẹ̀, ṣíbí kan péré sì ti tó pizza kan. Ẹni tí kò bá rí i rà kò pàdánù púpọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ààrò rẹ̀ jẹ́ ti amọ̀ tí ń gbóná gidigidi lè lo èyí tí ó tutù. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti gáàsì kékeré kò gbọdọ̀ bá a lò ó lọ́nà kan náà. Kì í ṣe wàràkàṣì tí ó wọ́n jù ni ó dára jù. Èyí tí ó bá iná yín mu ni.

4. Ẹ KA ARA PÁÁLÍ

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, àwọn òṣìṣẹ́ kan ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan. Gbogbo wa tí a ti jókòó ní ìdálẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ ni a mọ ìtàn wọn. Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, ọkà oat àti àbẹ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fi ìsọ̀ ńlá sílẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn? Ní àkókò náà, àwọn oníṣòwò ń po nǹkan mìíràn mọ́ oúnjẹ, òṣùwọ̀n wọn kò sì pé. Àwọn ará Rochdale pinnu láti ta ọjà tí kò ní àdàlù, kí òṣùwọ̀n wọn sì pé. Orí ìpinnu yẹn ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dúró lé. Nítorí náà, ọmọ ẹgbẹ́ tí kò ka ohun tí ó ń rà kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́.

Nǹkan mẹ́rin ni kí ẹ wò lára páálí:

Èkíní, orúkọ rẹ̀. Ṣé wàràkàṣì gan-an ni wọ́n pè é, tàbí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ọn tí ó fi hàn pé ohun tí ó jọ ọ́ ni? Bí òye èdè náà kò bá yé yín, ẹ fún ọmọ yín tí ó wà nílé ẹ̀kọ́ kà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èkejì, ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, èyí tí ó kéré jù ni ó ń gbẹ̀yìn. Mozzarella gidi yóò kọ wàrà sí iwájú, lẹ́yìn náà iyọ̀ àti àwọn èròjà tí ń mú un kan tí ó sì ń mú un dì. Bí òróró ọ̀pẹ tàbí òróró mìíràn bá wà ní iwájú, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe wàràkàṣì ni ẹ mú lọ́wọ́.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò kọjá lílò, àti nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ̀kẹrin, bóyá odindi ni tàbí èyí tí a ti rin. Àwọn tí ń ta èyí tí a ti rin sábà máa ń da sítáàṣì ọ̀dùnkún tàbí ohun mìíràn tí ó jọ bẹ́ẹ̀ sí i kí ó má baà lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ó yọ́ pọ̀ dáadáa bí èyí tí a fi ọwọ́ ara wa rin. Irin tí a fi ń rin ilá nílé lè ṣe iṣẹ́ náà.

5. ÌDÁNWÒ KÍ Ẹ TÓ RA PÚPỌ̀

Ẹ má ra 20 kílò ohun tí ẹ kò tí ì fi iná dán wò. Ẹ ra ìwọ̀n kékeré nínú oríṣi méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ gé búrẹ́dì pẹlẹbẹ mẹ́ta, kí ẹ wọn 20 gíráàmù oríṣi kọ̀ọ̀kan lé wọn lórí, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí i, kí ojú orúkọ má baà tan yín. Ẹ jẹ́ kí ààrò kọ́kọ́ gbóná dáadáa, kí ẹ kó wọn sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nígbà tí ẹ bá gbé wọn jáde, ẹ wo nǹkan wọ̀nyí:

Ṣé ó tàn ká, àbí ó dúró ní ẹ̀rún-ẹ̀rún? Ṣé òróró dúró lórí rẹ̀ bí adágún? Ṣé omi rẹ búrẹ́dì náà? Bí ẹ bá fi fọ́ọ̀kì gbé e sókè, ṣé ó fà?

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tọ́ wọn wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe apá yìí. Pizza tí ẹ ń tà fún àríyá, kí ó tó dé ẹnu ọmọdé, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí kò bá tilẹ̀ ti tutù. Wàràkàṣì tí ó dùn nígbà tí ó gbóná, tí ó wá di rọ́bà nígbà tí ó tutù, kò yẹ fún iṣẹ́ àríyá. Ẹ jẹ́ kí ó ju ẹni mẹ́ta lọ tí yóò tọ́ ọ wò, kí akọ̀wé sì kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.

6. ÌṢIRÒ RẸ̀

Pizza tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 12 ń gba nǹkan bí 150 gíráàmù mozzarella tí omi rẹ̀ kéré. Búlọ́ọ̀kù tí ó jẹ́ 2.5 kílò yóò ṣe pizza 16, yóò sì ku 100 gíráàmù. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣe é bá ń fi ọwọ́ bù ú tí ó sì ń di 190 gíráàmù, pizza 13 péré ni yóò jáde. Pizza mẹ́ta ti lọ, kò sì sí olè kankan nínú ilé. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a tún fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán, kì í ṣe iye ọjà. Ká ní kílò wàràkàṣì kan jẹ́ ₦9,000, tí kílò èkejì sì jẹ́ ₦12,000. Ojú lásán yóò mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, nígbà tí ó bá yọ́ tán kì í bo pizza àyàfi bí a bá lo 200 gíráàmù. Èkejì ń fi 150 gíráàmù bò ó. Ẹ ṣírò rẹ̀: 200 gíráàmù ti àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,800, 150 gíráàmù ti èkejì jẹ́ ₦1,800. Iye kan náà ni, pizza ti èkejì kò sì ní rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi iye orí kílò díwọ̀n ọjà. Iye tí ó ń lọ lórí pizza kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ sínú ìwé.

7. ÌPAMỌ́

Wàràkàṣì kò fẹ́ ooru. Inú fíríìjì ni kí ó wà, kí òtútù rẹ̀ má ju ìwọ̀n 5 lọ. Bí ẹ bá rà á ní ìlú mìíràn, ẹ gbé kúlà oníyìnyín dání; ẹ má jẹ́ kí ó jókòó sínú ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti tú búlọ́ọ̀kù, ẹ gbìyànjú láti lò ó tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí iná mànàmáná kò bá dúró, ẹ má ra ju ohun tí ẹ ó lò fún ọ̀sẹ̀ náà lọ, àfi bí ẹni tí ó ní fírísà àti jẹnẹrétọ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́.

Mozzarella tí omi rẹ̀ kéré ṣeé fi sínú fírísà. Ẹ rin ín, ẹ wọn ọ́n ní 150 gíráàmù sínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ gbé e bọ́ sí fíríìjì láti alẹ́. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀ fún èyí tí ó tutù, nítorí omi inú rẹ̀ yóò di yìnyín, yóò sì bà á jẹ́.

8. RÍRA PỌ̀ ÀTI YÍYẸ̀ WÒ

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò jìnnà sí wàràkàṣì rárá. Ní ọdún 1882, àwọn àgbẹ̀ abúlé Hjedding ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì kó wàrà màlúù wọn pọ̀, wọ́n sì dá ilé iṣẹ́ wàrà tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ sílẹ̀, èyí tí ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1946, àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kaira ní ilẹ̀ Íńdíà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Amul ni a mọ ọjà wọn sí, mozzarella fún pizza sì wà nínú ohun tí ń jáde lábẹ́ orúkọ náà lónìí.

Ní ti Parmigiano Reggiano tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, púpọ̀ nínú àwọn ilé tí ń ṣe é jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Nǹkan bí 550 lítà wàrà ni ó ń lọ lórí odindi kan, kò sì sí bí àgbẹ̀ tí ó ní màlúù mélòó kan péré ṣe lè dá a ṣe. Láti ọdún 1934 ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ wọn ti ń bójú tó orúkọ náà. Nígbà tí wàràkàṣì bá pé oṣù méjìlá, alábẹ̀wò yóò wá pẹ̀lú òòlù kékeré, yóò máa fi kan odindi kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa fetí sí i. Bí ó bá gbọ́ ìró tí kò dán mọ́rán, ó mọ̀ pé ihò tàbí sísán wà nínú rẹ̀. Èyí tí ó bá yege ni wọn yóò fi irin gbígbóná tẹ àmì sí lára. Èmi náà jẹ́ alábẹ̀wò, mo sì fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin olóòlù yẹn. Kì í béèrè iye tí wọ́n ń tà á kí ó tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yan pizza tà, ẹ má dá ra wàràkàṣì. Ẹni márùn-ún tí ó pa owó pọ̀ yóò ra búlọ́ọ̀kù ní iye olówó ọ̀pọ̀, wọn yóò sì pín in lórí òṣùwọ̀n ní ojú ara wọn. Ẹ yan ẹni mẹ́ta fún ọjà rírà, kí ó má ṣe jẹ́ akápò nìkan: ẹnì kan tí ó mọ̀wé dáadáa láti ka páálí, ẹnì kan tí ó mọ ààrò, ẹnì kan tí ó mọ owó. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jíhìn, ẹrù náà kò ní wó lé ẹnì kan ṣoṣo lórí.

Ẹgbẹ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di òní. Akápò náà ni ó ń ka páálí fún wọn. Nígbà tí mo padà lọ, ó gbé páálí tuntun kan fún mi kí n tó jókòó. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kọ́kọ́ kà á ná.” Mo kà á. Wàrà ni ó wà ní iwájú.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ó fà á tí mozzarella fi ń fà tí wàrà Fúlàní kì í fi í yọ́?

2. Irú ààrò wo ni ó wà nínú ẹgbẹ́ yín, wàràkàṣì wo ni ó sì bá a mu?

3. Bí búlọ́ọ̀kù kan bá jẹ́ 5 kílò, pizza mélòó ni yóò ṣe bí a bá lo 150 gíráàmù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan? Mélòó ni yóò ṣe bí a bá lo 200?

4. Ṣé ó tọ́ kí ìgbìmọ̀ bu ìtanràn fún akápò nínú ìtàn yìí? Ta ni ó yẹ kí ó jíhìn?

5. Ẹ mú páálí ohun jíjẹ kan wá sí ìpàdé. Kí ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú ohun tí wọ́n fi ṣe é?

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a fi àgbájọ ojú wo ọjà pẹ̀lú.